Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ta ọjà yín lówó àná

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Kubwa, l'Ábùjá níbí, ni mo ti ń bá àwọn oníṣòwò tún ìkànnì wọn ṣe. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń kọ́ ìkànnì fún ọlọ́jà: kí wọ́n yé kó plugin (ètò àfikún) cache méjì, ìyẹn èyí tó ń ṣe ẹ̀dà ojú ìwé pa mọ́, sórí WordPress (ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì) kan ṣoṣo, kí iye àtijọ́ wá máa yọ sí oníbàárà, kí wọ́n tún máa sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á.

Màmá kan tó ń ta aṣọ òkè ní ọjà Wuse fowó lé ọjà, ₦45,000 di ₦60,000. ₦60,000 náà ló ń rí lórí fóònù rẹ̀. Oníbàárà kan pè láti Lokoja, ó ní ₦45,000 lòun rí. Ni màmá bá gbaná jẹ: “Ọmọ yìí fẹ́ lù mí ní jìbìtì!” Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Ẹ̀dà ojú ìwé tí cache ti ṣe sílẹ̀, kí ìkànnì lè tètè ṣí, ni wọ́n ń gbé fún oníbàárà. Ẹni tó bá fi password wọlé bí ọlọ́jà, ojúlówó ló sábà máa ń rí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó ni ọjà ló máa ń gbọ́ kẹ́yìn.

Fáìlì kan wà nínú wp-content, àpò fáìlì WordPress, tí cache fi ń ṣiṣẹ́: advanced-cache.php. Ẹyọ kan ṣoṣo ni WordPress ń lò. Plugin cache W3 Total Cache ń fẹ́ ẹ, WP Super Cache náà ń fẹ́ ẹ. Ọba méjì kì í sì í gbé ààfin. Ẹ lè yọ plugin kan kúrò, kí fáìlì yẹn ṣẹ́kù síbẹ̀, kí ìlà WP_CACHE, tó ń tan cache, sì wà nínú wp-config.php, fáìlì ètò ìkànnì. Sáfà, kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì dání, tún lè ní cache tirẹ̀.

Ti cart, agbọ̀n ọjà orí ìkànnì, ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀dà ojú ìwé cart tàbí checkout (ibi ìsanwó), ẹrù ẹnì kan lè yọ sójú ẹlòmíràn, tàdírẹ́sì tàdírẹ́sì. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú cache, àti my account, ojú ìwé àkáǹtì oníbàárà, náà.

Ẹ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ ìkànnì ná, kí ẹ wá fi cache kan sílẹ̀. Plugin Health Check & Troubleshooting lè pa àwọn plugin yòókù lójú tiyín nìkan, kí ẹ lè mọ èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀; ọjà á ṣì máa lọ fún oníbàárà.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ ní kí ẹni tó kọ́ ìkànnì yín yí iye ọjà kan padà níṣojú yín. Fóònù ọmọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yín ni kí ẹ fi wò ó.

Èmi ni tiyín,
Atúnkànnìṣe, Kubwa, Àbújá.