Lẹ́tà sí Ọmọ Mi, Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi ní Ṣágámù

Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí ará ilé rẹ. Ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù, pé báwo ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ yóò ṣe ṣọdún Iléyá tí ẹ̀kọ́ kò sì ní dúró, kì í ṣe ohun tí a lè dáhùn lórí ìdúró, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o sọ ọdún náà gan-an di ẹ̀kọ́. Kí ẹ má ṣe kàwé di aago mẹ́wàá kí ẹ tó wá pa ìwé dé láti máa jó. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún bá fọwọ́ kàn, tí ó sì ti rí i tí àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe nílé, ni ó máa ń tètè yé e.

Wo Ojúde Ọba tí a máa ń ṣe níhìn-ín ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwọn Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ló jọ ń lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ ni yóò ti rí ẹṣin àwọn ìdílé Balógun àti àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ nínú aṣọ àǹkóò wọn. Ọjọ́ orí ni a fi ń pín rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn tí a bí ní sáà kan náà ni wọ́n ń wà pọ̀, nítorí náà ìṣirò ti wà nínú rẹ̀. Jẹ́ kí àwọn ọmọ náà to ara wọn bẹ́ẹ̀: ta ni a kọ́kọ́ bí, ta ni ó tẹ̀lé e? Lẹ́yìn náà, kí wọ́n to ara wọn bí wọ́n ṣe ga sí, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i pé ẹ̀gbọ́n lè kúrú ju àbúrò lọ.

Jọ̀wọ́, má ṣe ní kí òbí kankan ra àǹkóò. Owó ọdún ti pọ̀ lọ́rùn wọn, kò sì yẹ kí ọmọ kan jókòó sẹ́yìn nítorí aṣọ. Àjákù aṣọ òfì tí mo ní nílé ti tó. Tẹ́ ọ̀kan sórí ẹní, kí o fi ìka tọ ìlà rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kàwé: pupa, funfun, pupa, funfun. Kí o wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìlà tí ó kàn, kí wọ́n sì sọ àwọ̀ tí ó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ kí o tó ṣí i.

Ẹran Iléyá náà wà níbẹ̀. Ilé púpọ̀ ni a ti ń pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ti ará ilé, ti ẹbí àti aládùúgbò, àti ti aláìní. Fún àwọn ọmọ ní òkúta wẹ́wẹ́ méjìlá kí wọ́n pín in bẹ́ẹ̀, kí o sì bi wọ́n pé ta ni wọ́n gbé ẹran fún ní ilé tiwọn. Ìdáhùn wọn ni kí o kọ sára pátákó, nítorí ọmọ tí ó bá rí orúkọ ìyá àgbà rẹ̀ lójú pátákó yóò fẹ́ mọ bí a ṣe ń kà á.

Bí ẹ bá fẹ́ se ìkọ́kọrẹ́, ilé ni kí o ti rin ewùrà náà wá. Ṣíbí ni kí wọ́n máa fi bù ú, torí ewùrà a máa yún ni lọ́wọ́. Kí wọ́n ka iye ife kékeré tí yóò kún abọ́, kí wọ́n tún fi ife ńlá wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì sọ ìdí tí iye náà fi dín kù.

Ọ̀rọ̀ ìdílé fúnra rẹ̀ ló gba sùúrù jù lọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n ilé kò rí bákan náà. Ọmọ kan lè wà tí ìyá-ìyá rẹ̀ ń tọ́, òmíràn lè wà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Nítorí náà, má ṣe sọ pé, “Ẹ ya bàbá àti ìyá yín.” Sọ pé, “Ẹ ya gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń gbé,” kí o sì gba ohun tí ọmọ bá yà láìṣe àtúnṣe sí i. Bí ọmọ kan bá ti Sábó wá, jẹ́ kí ó kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń kí “Barka da Sallah” nílé wọn.

Ní ti Kérésì, ilé-ìwé ti máa ń wà ní ìsinmi nígbà náà, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Disẹ́ńbà ni kí o ti mú un. Iléyá ní tirẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé lọ́dọọdún ju ti ọdún tó kọjá lọ, nítorí oṣù ojú ọ̀run ni a ń tẹ̀ lé. Kí o yẹ kàlẹ́ńdà wò kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.

Bí alákòóso ilé-ìwé yín bá gbà, n óò wá bá ọ se ìkọ́kọrẹ́ náà. Sọ ọjọ́ fún mi kí ọjà tó kàn tó pé, kí n lè ra ewùrà tó dára sílẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.