Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa Lórí Owó Ìpalẹ̀mọ́ Àmì-Orúkọ

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

A kí yín, a sì dúpẹ́ pé ẹ ò tíì já wa sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, owó tí a ń gbà fún yíyàwòrán àmì-orúkọ (lógò) yóò dá dúró lọ́tọ̀, ẹ ó sì san án kí a tó tẹ ohunkóhun. Bákan náà ni ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fẹ́ kí a gbé orúkọ yín sí, ìbáà ṣe aṣọ, fìlà, ife, báàgì tàbí bírò, yóò ní owó ìpalẹ̀mọ́ tirẹ̀, ìyẹn owó iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀ kí wọ́n tó lè tẹ ẹyọ kan, yálà ẹyọ kan lẹ ń fẹ́ tàbí ọgọ́rùn-ún. Tẹ́lẹ̀, inú iye tí a ń pè fún yín ni gbogbo èyí wà, ẹ kì í rí i. Ní báyìí ẹ ó máa rí i, a sì mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ yín. Àwọn kan ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn kí lẹ́tà yìí tó jáde, wọ́n sì ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ojúkòkòrò ti wọ ọ̀rọ̀ wa. A kà wọ́n tán pátá. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ ka àlàyé wa náà tán kí ẹ tó dá wa lẹ́jọ́.

Kì í ṣe àwa la dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa tẹ orúkọ yín sára nǹkan ló yí àdéhùn padà. A ò ní dárúkọ wọn, nítorí a ṣì ń ṣe pọ̀. Ìwé pélébé kan ni wọ́n kọ sí wa pé láti ìsinsìnyí àwọn yóò máa gba owó ìpalẹ̀mọ́ lórí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, lórí ojú ibi kọ̀ọ̀kan tí orúkọ bá máa wà, àti lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wọn, tí iṣẹ́ sì wọ́n wọn bí omi ẹ̀ẹ̀rùn, àwa là ń gbé iṣẹ́ lọ fún wọn, wọn kì í sì ka ìpalẹ̀mọ́ sí ohun tí à ń gbowó lé. Báyìí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún aṣọ wá bá wọn, a ti di oníbàárà kékeré tí wọ́n lè fi lẹ́tà onílà díẹ̀ dá lóhùn. Ó dùn mí, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n n ò lè sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó lé náà kì í ṣe iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ yín ti rò pé à ń rẹ́ yín jẹ. Bí wọ́n bá ń fi íǹkì tẹ aṣọ, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú àmì-orúkọ yín ní férémù tirẹ̀, tí wọ́n fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ ta lójú. Wọn yóò fi oje kan tí ìmọ́lẹ̀ máa ń mú le kun àwọ̀n náà, wọn yóò jẹ́ kó gbẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, wọn yóò gbé orúkọ yín tí a tẹ̀ ní dúdú sórí ike tó mọ́ gaara lé e lójú, wọn yóò sì tan iná líle sí i. Ibi tí iná bá kàn yóò le. Ibi tí orúkọ yín bá bò kò ní le, omi yóò sì fọ̀ ọ́ kúrò, ibẹ̀ sì ni íǹkì yóò máa gbà dé ara aṣọ. Bí orúkọ yín bá ní àwọ̀ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọn yóò ṣe gbogbo èyí, wọn yóò sì tún to àwọn férémù náà títí wọn yóò fi bára mu, kí àwọ̀ kan má baà yọ sí ẹ̀gbẹ́ èkejì. Aṣọ kan ni o, igba aṣọ ni o, iṣẹ́ yìí kò dín kù. Ohun tó yàtọ̀ kò ju pé ẹni tó fẹ́ igba aṣọ yóò pín owó rẹ̀ sọ́nà igba, ẹni tó fẹ́ ẹyọ kan yóò dá a gbé.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú lo irú èyí tí ooru ń gbé àwọ̀ wọnú aṣọ, tí kò nílò férémù rárá. À ń lò ó. Ṣùgbọ́n pọliẹ́sítà ló ń gbà á, àti ife tí wọ́n ti fi oje tirẹ̀ kùn lára. Kì í dúró lára aṣọ òwú, bẹ́ẹ̀ ni kì í hàn lórí aṣọ dúdú, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ kì í bo èyí tó bá lábẹ́. Aṣọ òwú dúdú sì ni ọ̀pọ̀ yín máa ń fẹ́.

Ti fífi òwú kọ orúkọ sára aṣọ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó ń ṣe é kò mọ àwòrán. Ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gún àti ọ̀nà tí yóò gbà lọ ló mọ̀. Ẹnì kan ní láti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kí ó pinnu ìhà tí òwú yóò kọjú sí nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí òwú náà yóò ṣe ki tó, àti irú ìgún tí yóò kọ́kọ́ lọ sábẹ́ kí aṣọ má baà súnkì. Fáìlì tí a fi kọ orúkọ sí àyà aṣọ kọ́ la ó fi kọ ọ́ síwájú fìlà, nítorí pé fìlà tẹ̀, àárín ni ó sì yẹ kí abẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó máa lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí lẹ́tà kò bá ga tó nǹkan bíi mìlímítà 5, ihò inú “a” àti “e” yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Bí orúkọ náà bá sì ní àmì lórí tàbí lábẹ́, àmì náà lè rì sínú aṣọ kí ẹ má tilẹ̀ rí i. Nítorí náà, orúkọ kan ní ìwọ̀n mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta ni. Ilé-iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí ti ń bá wa ṣe é lófẹ̀ẹ́ tipẹ́, ẹ̀yin náà sì ti bá wa jẹ nínú rẹ̀.

Ó kù sí ti yíyàwòrán fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń sọ nípa rẹ̀ pé, “Ṣebí orúkọ mi lásán lẹ tẹ̀?” Oníbàárà kan tilẹ̀ rán mi létí pé akọ̀wé ìṣirò owó ló kọ orúkọ Coca-Cola lọ́dún 1886, pé kì í ṣe ayàwòrán kankan. Òótọ́ ni, Frank Robinson ni orúkọ ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní Spencerian ló fi kọ ọ́, ọwọ́ tí àwọn ènìyàn ìgbà náà ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì ń fi ara ṣiṣẹ́ fún. Ẹ wo ti FedEx náà, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù kiri ayé, èyí tí ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Lindon Leader yà lọ́dún 1994: ọfà tó wà láàárín “E” àti “x” kò hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n tún lẹ́tà méjèèjì ṣe títí àlàfo àárín wọn fi di ọfà ni.

Nínú orúkọ yín náà, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí “A” bá kángun sí “V”, àlàfo tí kọ̀ǹpútà fi sí wọn láàárín máa ń jọ ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, a ní láti fi ojú wọ̀n ọ́n kí a sì sún wọn mọ́ra. “O” ní láti ga ju àwọn yòókù lọ díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú yóò máa rí i pé ó kéré. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìkọ̀wé lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, ni kò ṣètò fún àmì orí àti àmì abẹ́ lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ la sì fi ń yà wọ́n sí ààyè wọn. Fọ́ǹtì tí ẹ rí lófẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá, ẹ wo ìwé àṣẹ rẹ̀: púpọ̀ nínú wọn kò gbà kí a fi ṣòwò. Àwọn tó bá wà lábẹ́ Open Font License, ìwé àṣẹ kan tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo fọ́ǹtì lófẹ̀ẹ́, gbà á, àwọn yẹn la sì ń lò bí a kò bá ra àṣẹ òmíràn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àwòrán tí ẹ yà lójú fóònù ránṣẹ́ sí wa mọ́ pé àmì-orúkọ yín nìyẹn. WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀ kó tó fi í ránṣẹ́, èyí tó sì dé ọwọ́ wa kò ju àkójọ àwọn ojú kékeré aláwọ̀ lọ. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n ẹ̀yìn aṣọ, etí lẹ́tà yóò rí gánnugànnu. Fáìlì tí a fi ìlà yà, tó lè kéré tó orí bírò kó sì tóbi tó ògiri láìbàjẹ́, lẹ́tà SVG, PDF tàbí AI ló máa ń wà ní ìparí orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ gbé àwòrán fóònù sínú PDF kò sọ ọ́ di irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti dán èyí wò.

Ní ti ohun tí à ń ṣe sí i, à ń bá ilé-iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀, a ó sì máa tọ́jú fáìlì ìpalẹ̀mọ́ yín pa mọ́, kí ẹ má baà san owó fífi òwú kọ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì bí ìwọ̀n àti ibi tó wà kò bá yí padà. Ẹni tó bá sanwó àmì-orúkọ yóò gba fáìlì rẹ̀ lọ sílé: aláwọ̀ kíkún, aláwọ̀ kan, àti èyí tí a tún ṣe fún ìwọ̀n kékeré. Ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn bí ẹ bá fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ dín owó kù, kó yan àwọ̀ kan, kó sì jẹ́ kí orúkọ wà lójú ibi kan ṣoṣo.

Àwọn tó ti san owó kí lẹ́tà yìí tó jáde, iye àtijọ́ la ó fi ṣe iṣẹ́ wọn, àwa la ó sì gbé ìyàtọ̀ rẹ̀ lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi orúkọ ọ̀rẹ́ yín kún iṣẹ́ tí ẹ ti sanwó rẹ̀ kó lè bọ́ sábẹ́ iye àtijọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùdásílẹ̀