Sí Àbẹ̀kẹ́, nípa jáàkì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Àjárà,
Àgbádárìgì.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ láti Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, nípa ìrìn àjò tí ìwọ àti ọkọ rẹ ń fi ọkọ̀ tí ẹ sọ di ilé rìn, dé ọwọ́ wa. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, pàápàá níbi tí o ti ní o gbé fóòmù lérí lẹ́bàá títì, tí òjò ń pa ọ́, tí ọkọ rẹ ń tú àpótí, tó ń tú ìkòkò, torí pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni jáàkì wà. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti na ọ̀nà Èkó sí Accra bíi tèmi mọ̀ pé táyà kì í mọ̀-ọ́n-mọ̀ jò níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà. Ẹ gbé jáàkì àti sípánà táyà sẹ́yìn ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí ọwọ́ á ti tó wọn láti ìta láìtú ẹrù kankan.

Ṣùgbọ́n jáàkì kọ́ ló ká mi lára. Ọ̀rọ̀ tí o fi parí rẹ̀ ni: "Bàbá, iṣẹ́ tiẹ̀ ni ọkọ̀, tèmi ni oúnjẹ." Nílé, ìyẹn dáa. Bí ọkọ rẹ ò bá mọ ibi tí iyọ̀ wà ní Ìkòròdú, ará ilé á fi hàn án. Lójú ọ̀nà, ẹ̀yin méjèèjì náà ni gbogbo ará ilé. Awakọ̀ ẹgbẹ́ mi kan kó àlùbọ́sà, ibà dá a dùbúlẹ̀ ní Aného, ní Togo. Ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ mọ ẹrù dì dáadáa, àmọ́ kò mọ ọkọ̀ wà, kò mọ ibi tí ìwé ọkọ̀ wà, kò mọ ẹni tó yẹ kó pè. Kí ara ọ̀gá rẹ̀ tó yá, àlùbọ́sà ti jẹrà, omi rẹ̀ ń ṣàn láti ara ọkọ̀ sílẹ̀. Bí irú ibà bẹ́ẹ̀ bá gbé ọkọ rẹ lóru, ta ni yóò wa ọkọ̀ gbé e dé ọsibítù?

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kúrò ní Ouidah, ìwọ ni kí o wa ọkọ̀ dé Grand-Popo. Láísẹ́ńsì tí o gbà kì í ṣe fún àwòrán. Kí ọkọ rẹ jókòó tì ọ́, kó má sì pariwo. Ọkọ̀ tí ilé wà nínú rẹ̀ kì í tètè dúró, torí náà tètè máa tẹ bréèkì. Mo sì rí i nínú fọ́tò pé ẹ di kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin sórí ọkọ̀. Ẹ sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lónìí. Lítà omi kan, kílò kan ni. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́rin, kílò 100 ló jókòó lókè yẹn, tí atẹ́gùn òkun ń tì í kiri. Ìsàlẹ̀ ni omi ń gbé, láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn.

Kí òun náà wá kọ́ tìrẹ. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ti gáàsì láti orí sílíńdà, kì í ṣe láti ara sítóòfù nìkan. Ẹ máa fi omi ọṣẹ pa ojú ibi tí rọ́bà ti so mọ́ régúlétọ̀. Bó bá ń yọ ìfófòó, ó ń jò nìyẹn. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń kóra jọ sí, wíńdò òkè nìkan ò lè lé e jáde. Ẹ ṣílẹ̀kùn gbayawu, ẹ má ṣáná, ẹ má tan iná. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni èédú. Bí òjò bá rọ̀ tí òtútù mú yín, ẹ má gbé kóólù pọ́ọ̀tù wọlé o, bó ti wù kó ti kú tó. Ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò tí ẹ bá fẹ́ sùn. Májèlé tó ń ti ara èédú àti jẹnẹrétọ̀ jáde ò ní òórùn, ojú ò rí i, ẹni tó sùn kì í mọ̀ kó tó pa á.

Ní ti ìwé: kí ìwọ náà mọ àpò tí Brown Card ECOWAS, ìwé ìbánigbófò ọkọ̀ fún ìrìn àjò sí ilẹ̀ òkèèrè, wà, kí fọ́tò rẹ̀ sì wà lórí fóònù méjèèjì. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ gbá ẹnìkan nílẹ̀ onílẹ̀, òun ni ẹ ó nà sókè. Cotonou tí ẹ kọjá yẹn ni wọ́n ti buwọ́ lu àdéhùn rẹ̀ lọ́dún 1982. Káàdì yẹ́lò yín, ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, ṣì dáa. Láti 2016 ni wọ́n ti ní abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún gbogbo ayé ẹni. Sẹ́fà kan náà ni Benin àti Togo ń ná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́ ẹ fún yín ní Hilla-Condji, ibodè Benin àti Togo. Aago yín á padà sẹ́yìn wákàtí kan níbẹ̀.

Ìwọ ni kí o máa tọrọ ibi tí ẹ ó sùn. Ẹ̀gùn tí o fi ń bá àwọn ọmọ àdúgbò jà ní kékeré kò jìnnà sí Fọ̀n tí wọ́n ń sọ lọ́dọ̀ yín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, lọ kí àgbà tó ni agboolé, kúnlẹ̀ dáadáa, kí o tó bèèrè àyè. Ọmọ Ìkòròdú tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè, owó ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lé e. Ẹ má wa ọkọ̀ wọ iyanrìn etí òkun, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Àwọn ọ̀dọ́ tó máa tì í jáde ti jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń retí yín.

Ìjà á wà, mi ò ní tàn ọ́. Nílé, o lè wọ yàrá kejì, kí o pa ìlẹ̀kùn dé. Níbẹ̀, bí ọkọ rẹ bá jáde lọ jókòó sábẹ́ àgbọn, má tẹ̀lé e, má sì pè é padà. Kí òun náà fún ọ ní àyè tìrẹ. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ.

Ìyá rẹ ní kí n bèèrè bóyá gàrí ṣì kù, kí ẹ sì má rẹ ẹ́ ní omi kànga. Pè mí tí ẹ bá dé Lomé, kí ẹ tó kọjá sí Aflao, ní Ghana. Ìwọ ni kí o ròyìn bí bréèkì ṣe ń ṣe fún mi, má gbé fóònù fún un.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.