Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń wá ọ̀bẹ ìpàgọ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àwòrán ọ̀bẹ tí o fi ránṣẹ́. Jọ̀wọ́, má rà á. Ọ̀bẹ ràbàtà tó ní eyín ayùn lẹ́yìn, tí èèkù rẹ̀ sì ṣófo kí a lè kó ìṣáná àti ìwọ̀ ẹja sínú rẹ̀, ibi tí irin ti wọnú èèkù ló ti máa ń kán.

Irin tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 11 ti tó ọ. Kí o fi la ẹja, kí o gé okùn, kí o ha igi wẹ́wẹ́ tí iná á kọ́kọ́ ràn mọ́: kò sí èyí tó ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn. Igi tó bá nípọn ju àtàǹpàkò lọ, ayùn kékeré tó ṣeé ká ló ni ín. Mora Companion ti Sweden ni mo fọwọ́ sí. Irin rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10.4, ó nípọn ní mìlímítà 2.5, kò sì wọ́n. Ìrù irin rẹ̀, ìyẹn apá tó wọnú èèkù, kò dé ìdí èèkù, nítorí náà má máa fi kùmọ̀ lù ú lẹ́yìn láti la igi. Bí o bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn, Garberg ti Mora yìí kan náà ni kí o rà. Ìrù tirẹ̀ dé ìdí, ó sì nípọn ní mìlímítà 3.2.

Mú èyí tí kì í dípàárà. Irin carbon, èyí tó máa ń dípàárà, yá láti pọ́n lóòótọ́, àmọ́ òjò Scotland àti omi ọsàn á bà á jẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Má gba ti àwọn tó ń sọ pé carbon nìkan ló ń ṣáná lára ọ̀pá ferro, ọ̀pá irin tí a ń ha kó lè ta iná. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ tí igun rẹ̀ mú ló ń ṣe é, irin yòówù kó jẹ́. Má fi ẹnu ọ̀bẹ ha ọ̀pá náà láé, yóò kú ni.

Tí o bá fẹ́ pọ́n ọn, tẹ́ ibi tó dagun sẹ́nu rẹ̀ pẹrẹsẹ lórí òkúta ìpọ́nbẹ tí a fi omi rin, kí o má gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Pọ́n apá kan títí ọwọ́ rẹ á fi kan irun irin tín-ín-rín lápá kejì, kí o tó yí i padà. Tí o bá ń gbẹ́ igi, má gbẹ́ ẹ lórí itan: iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dá bọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin ló ń kó mi lọ́kàn sókè jù. Òfin 1988 ní England àti ti 1995 ní Scotland gbà ọ́ láyè láti máa mú ọ̀bẹ àpò tó ṣeé ká dání, bí ẹnu rẹ̀ kò bá ju íǹṣì 3 lọ, tí kò sì ní ohun tó ń dè é pinpin nígbà tó bá ṣí. Ọ̀bẹ àpò Victorinox kékeré tí kì í dè bọ́ sí i. Opinel olórùka, ọ̀bẹ àpò tí òrùka ọrùn rẹ̀ ń dè é, kò bọ́ sí i. Mora náà kò bọ́ sí i, àfi bí o bá ní ìdí tó yè kooro, ìwọ ni o sì máa fi ìdí náà hàn. Wé e, kí o tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì lọ́jọ́ tí o bá ń lọ, kó o sì yọ ọ́ lọ́jọ́ tí o bá dé. Má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀. “Mo gbàgbé” nìkan kì í gba ènìyàn sílẹ̀ ní kóòtù, ìwọ náà sì mọ bí ọlọ́pàá ṣe ń dá àwọn ọmọ wa dúró lójú pópó.

Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ ìbọ̀wọ́ kí o di èèkù mú ṣinṣin. Dorí àkọ̀ kodò pẹ̀lú ọ̀bẹ nínú rẹ̀, kí o gbọ̀n ọ́n. Bí ọ̀bẹ bá jábọ́, wá òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ