Ẹ má da èèpo ẹyin nù, ẹ̀yin olùsìn ajá

Sí Olóòtú,

Láti ìgbà tí oúnjẹ ajá inú àpò ti gbówó lórí, ọ̀pọ̀ olùsìn ajá ní Ẹ̀pẹ́ ti padà sídìí ìkòkò. Kò burú. Ibi tó kù sí ni pé ẹran àti ìrẹsì nìkan ni wọ́n ń sè, tí wọ́n á sì ní ajá ń gbádùn. Èròjà tí wọ́n ń pè ní fosfọ́rọ́ọ̀sì ló pọ̀ nínú ẹran tí kò légungun, kálísíọ̀mù tó ń mú egungun le kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Bí kálísíọ̀mù bá wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀, ara ajá á máa fa ti inú egungun rẹ̀ lò. Àgbà ajá lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan kó tó hàn. Ọmọ ajá kò lè rọ́jú tó bẹ́ẹ̀, pàápàá irú Alsatian tó ń yára dàgbà: ẹsẹ̀ á tẹ̀, á máa tiro, egungun á dédé kán. Ẹni tó ni ín á wá máa wá ẹni tó sọ ọ́ lókò.

Èèpo ẹyin ló máa yanjú èyí torí kálísíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni lọ́dọ̀ àwọn tó ń din ẹyin tà ní gáréèjì. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 10, ẹ sá a títí á fi gbẹ táútáú, kí ẹ wá lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹ̀lúbọ́. Èèpo ẹyin kan á tó nǹkan bíi ṣíbí ìmutíì kan. Ìdajì ṣíbí yẹn ni kí ẹ pò mọ́ ìdajì kílò ẹran. Ẹ má bù ú lé e nítorí pé ọmọ ajá ńlá ni. Àpọ̀jù kálísíọ̀mù náà ń ba egungun wọn jẹ́.

Àgbà ajá tó wọn kílò 15 ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 300 sí 450 lóòjọ́. Kí ìdajì jẹ́ ẹran tàbí ẹja (pọ̀nmọ́ kò sí nínú ẹran tí mò ń wí), kí ìyókù jẹ́ ìrẹsì tàbí iṣu pẹ̀lú ẹ̀fọ́ díẹ̀. Ẹ̀dọ̀ dára, àmọ́ kó má ju gíráàmù 20 lọ lóòjọ́, torí fítámì A inú rẹ̀ ń di májèlé bó bá pọ̀ jù. Ẹja wẹ́wẹ́ ọjà Olúwo dára, ṣùgbọ́n ẹ sè é: ohun kan wà nínú àwọn ẹja kan ní tútù tó ń ba fítámì B1 jẹ́, iná ló ń pa á. Ẹ yọ egungun kúrò, torí èyí tí a ti sè máa ń ya ṣónṣó, á sì gún ìfun. Àlùbọ́sà àti aáyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, nítorí náà ẹ má gbé àjẹkù ọbẹ̀ ilé fún un.

Àwọn kan ní ẹran tútù ló dáa jù, wọ́n ti kó o sí fíríìsà. Yìnyín kì í pa Salmonella, kòkòrò àrùn inú ẹran tútù. Bí iná ọba bá lọ tí ẹran yọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i nìyẹn. Ajá sì lè gbé e sínú láìṣàìsàn, kó máa yà á sí àgbàlá tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré.

Síbẹ̀, ìkòkò yìí kò tíì pé. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì California ní Davis yẹ ìlànà oúnjẹ ajá 200 wò. Nínú 190, ó kéré tán èròjà kan kò tó. Síńkì wà lára èyí tó ń wọ́n jù. Ẹ béèrè àpòpọ̀ fítámì fún ajá tó ń jẹ oúnjẹ ilé lọ́wọ́ dókítà ẹranko. Ti adìẹ tí wọ́n ń tà nílé oúnjẹ ẹran kọ́ o.

Olùsìn ajá kan,
Ẹ̀pẹ́.