Ẹ Jẹ́ Ká Máa Kọ Ayò Sílẹ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ́ọ̀lù ló kún abala eré ìdárayá inú ìwé ìròyìn yín bámúbámú, a sì ń gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayò ọlọ́pọ́n kò ní àyè kankan níbẹ̀. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún kò ju ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ lọ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: kí ẹ tẹ ọpọ́n ayò kan jáde, iye ọmọ ayò tó wà nínú ilé méjèèjìlá, ìyẹn àwọn ihò ọpọ́n, àti ẹni tó kàn láti ta. Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn ní Mápó á tẹ́ ọpọ́n tirẹ̀, ẹni tó wà ní Mọ́níyà náà á tẹ́ tirẹ̀, wọn á sì jọ máa ro ayò kan náà.

Ọ̀pọ̀ ayò tó dùn lọ́sàn-án ló ti ń di àríyànjiyàn kó tó dalẹ́. Ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, ní mẹ́fà lòun jẹ níbi báyìí, ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, ní irọ́ ni, mẹ́rin ni, àwọn òǹwòran pín sí méjì. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè tún un tẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn àgbà ọ̀ta tí gbogbo àdúgbò mọ̀, tí wọ́n ti lọ, tí a kò ní ayò kan ṣoṣo tí wọ́n ta tí a lè fi han ọmọ. Lọ́dún 2002, ní ìlú Amsterdam, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, John Romein àti Henri Bal, fi ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣírò awari, ìbátan ayò wa tímọ́tímọ́, ọmọ 48 nínú ilé 12. Oríṣi ìjókòó ọmọ tí wọ́n ṣírò lé ní bílíọ̀nù 889. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjì tó ń ta ayò kò bá ṣàṣìṣe, ọ̀mì ni, 24 sí 24. Wọ́n ṣe èyí ní òkèèrè. Àwa tí a ni ọpọ́n kò tíì ra ìwé àjákọ.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ kò le. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ta ni Ìsàlẹ̀, ẹnì kejì ni Òkè. Kí kálukú fi ṣọ́ọ̀kì kọ 1 dé 6 sí etí ọpọ́n níwájú ara rẹ̀, láti ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹni tó ń ta á kó gbogbo ọmọ inú ilé rẹ̀ kan, á sì máa fi wọ́n sí àwọn ilé tó tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Apá ọ̀tún náà la ń ta ayò sí, nítorí náà ilé tó tẹ̀ lé 6 rẹ ni 1 ẹni tó kọjú sí ọ. Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ẹni tó jókòó sí Ìsàlẹ̀ á máa ka ilé Òkè láti ọwọ́ òsì ara rẹ̀, 1 á di 6, 2 á di 5, ayò tó kọ kò sì ní ṣeé tún ta mọ́. Ẹ má fojú di ṣọ́ọ̀kì yẹn.

Òǹkà kan péré, ti ilé tí a ta, ló tó fún ẹ̀ẹ̀kan tí a bá ta. Bí ó bá jẹ, ìyẹn bí ọmọ ìkẹyìn bá sọ ilé alátakò di 2 tàbí 3 tí ó sì kó wọn, ẹ fi j sí i àti iye ọmọ tó jẹ. Ẹ tẹ́ ọpọ́n yín, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹ wo èyí: Ìsàlẹ̀ ta 3, Òkè ta 6, Ìsàlẹ̀ ta 5, Òkè ta 5j2. Ohun tó wà lórí ọpọ́n báyìí, láti 1 dé 6 kálukú:

Òkè: 6, 5, 5, 5, 0, 1
Ìsàlẹ̀: 6, 6, 0, 6, 0, 6

Ilé 3 Ìsàlẹ̀ ló ṣófo nígbà tó kọ́kọ́ ta. Òkè ta 6, ọmọ kan bọ́ síbẹ̀, ọmọ mẹ́rin inú 5 Òkè sì gùn dé ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Ká ní Ìsàlẹ̀ ta ọmọ kan ṣoṣo yẹn kúrò ni, ìjẹ ì bá máà sí. Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ báyìí, kò sẹ́ni tó máa sọ pé oríire ni Òkè fi jẹ.

Ẹ ka ọmọ: 22 wà lọ́dọ̀ Òkè, 24 lọ́dọ̀ Ìsàlẹ̀, 2 ti di jíjẹ, ó pé 48. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá-mẹ́wàá tí ẹ bá ta, ẹ tún un kà. Bí kò bá pé, ó lè jẹ́ pé ọmọ méjì já bọ́ sínú ilé kan lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí ọ̀kan ti yí sábẹ́ àga. Ẹ padà síbi tó ti pé kẹ́yìn.

Ọ̀nà wà láti mọ ibi tí ayò máa parí sí kí ọwọ́ tó kàn án. Ẹ ro òǹkà ilé pọ̀ mọ́ iye ọmọ inú rẹ̀. Bó bá ju 6 lọ, ẹ yọ 6, ilé alátakò nìyẹn. 5 pẹ̀lú 4 jẹ́ 9, ẹ yọ 6, ó ku 3. Bó bá ju 12 lọ, ẹ kọ́kọ́ yọ 12. Tí ilé bá ti pé 12, ọ̀dù ni, a kì í fi ọmọ sílé tí a ti kó o, nítorí náà ẹ fi 1 kún un kí ẹ tó yọ.

Ọ̀dù ni mo fẹ́ kí ẹ dúró wò dáadáa. Ká ní ilé Òkè jẹ́ 0, 1, 0, 0, 1, 2, ọ̀dù Ìsàlẹ̀ sì wà ní 6. Bí ọmọ inú rẹ̀ bá jẹ́ 16, ó máa parí sí 5 Òkè. Ilé márùn-ún di 2, 3, 2, 2, 3, Ìsàlẹ̀ jẹ 12 lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ 17, ó parí sí 6 Òkè tó ti di 4, kò jẹ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ 18, ilé Ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló bọ́ sí. Ọmọ kan péré ló wà láàárín 12 àti òfo. Ẹni tó ń kó ọ̀dù jọ láìkà á ń kó ẹrù fún alátakò ni.

Òfin ńkọ́? Gbogbo wa gbà pé ọmọ ìkẹyìn ló gbọ́dọ̀ sọ ilé alátakò di 2 tàbí 3, kí a sì máa jẹ padà sẹ́yìn níwọ̀n ìgbà tí ilé tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ 2 tàbí 3. Ibi tí ẹnu kò ti kò ni bí ìjẹ kan bá gbá ilé alátakò mọ́ pátápátá. Àwọn kan gbà á, àwọn kan ní kí ó ta á, kí ó má jẹ. Ẹ kọ èyí tí ẹ bá fara mọ́ sórí ìwé kí ẹ tó ta ọmọ kankan.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọpọ́n tí ẹ lè tẹ̀ jáde rèé:

Òkè: 1, 1, 0, 0, 0, 3 (ó ti jẹ 13)
Ìsàlẹ̀: 0, 0, 2, 0, 1, 15 (ó ti jẹ 12)

Ìsàlẹ̀ ló kàn. Ṣé kó ta 6 báyìí ni, àbí kó kọ́kọ́ ta 5 kí ọ̀dù rẹ̀ lè di 16? Kí àwọn òǹkàwé kọ ìdáhùn wọn ránṣẹ́, pẹ̀lú ohun tí wọ́n rò pé Òkè máa fi dáhùn.

Èmi ni tiyín,
Aláyò kan láti Mólété, Ìbàdàn