Ẹ fi àyè kẹ̀kẹ́ ológeere sílẹ̀ fún wa ní Máríìnà Àgbádárìgì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ti gba gbogbo ìta lọ́wọ́ wa. Ọmọ Àgbádárìgì ni mí, Jámánì ni mo ti ń kàwé, họ́lídè ló gbé mi wálé. Nígbà Ọdún Àjíǹde ni mo sáré fi ọjọ́ mẹ́rin lọ wo Nẹ́dálándì, ìyẹn ìlú tí ìyá mi ń pè ní Họ́lándì torí aṣọ. Bí mo ṣe sọ fún wọn lórí fóònù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé ibẹ̀ ni àǹkárá Hollandis ti ń wá, mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, Helmond ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1846, ni wọ́n bá ní kí n ra ọ̀pá mẹ́fà bọ̀. Mi ò dé Helmond rárá. Wọn ò tíì dárí jì mí tán.

Cologne ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí mo ti wà ní Amsterdam. Bọ́dà la kọjá yẹn o, ẹnì kankan ò dá wa dúró, fóònù mi ló sọ fún mi pé a ti wọ ìlú ibòmíì. Èmi tí mo mọ iye ìgbà tí wọ́n máa ń ní kí dẹ́rẹ́bà páàkì láti Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀, ṣe ni mò ń dá rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì.

Èèyàn wọn ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 lọ, kẹ̀kẹ́ wọn ń lọ sí mílíọ̀nù 23, ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ọ̀nà tiwọn dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pupa bí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àárín ẹ̀ ni mo sì lọ dúró sí tí mò ń ya fóòtò tí ìyá àgbà kan fi gbá aago sí mi lẹ́yìn, ó kó búrẹ́dì àtàwọn ewébẹ̀ kan sínú apẹ̀rẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó sọ nǹkan tí mi ò gbọ́, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí ti túmọ̀ ẹ̀. Ní Utrecht, ibi ìgbékẹ̀kẹ́sí ẹyọ kan tó wà ní téṣàn rélùwéè ń gba kẹ̀kẹ́ 12,500, ọdún 2019 ni wọ́n parí ẹ̀. Mo wọbẹ̀ lọ wòran, mo sì sọnù sínú ẹ̀.

Delft ni mo ti háyà tèmi. Kì í ṣe pé mi ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn o, láti kékeré la ti ń háyà ẹ̀ lẹ́yìn ọjà, ogún náírà ráùnù kan, oníkẹ̀kẹ́ á sì máa sáré tẹ̀ lé ẹ kó o má baà gbé e lọ. Mo gùn ún, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi, mo ń gbádùn ara mi títí mo fi dé kọ́nà kan lẹ́bàá kánààlì, mo wá bírékì lọ́wọ́ ọ̀tún, kò sí, mo wá a lọ́wọ́ òsì, kò sí! Àṣé ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń tẹ pẹ́dà sẹ́yìn kó tó dúró, ẹni tó háyà ẹ̀ fún mi sì rò pé gbogbo ayé ló mọ̀. Ìkòkò òdòdó ńlá kan ló gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ omi, orúnkún mi bó, kẹ̀kẹ́ ò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní "òyìnbó nìyẹn jàre", ẹ gbọ́ o, wọn ò bá a bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀. Ní 1971 nìkan, àwọn tí ìjàǹbá ọ̀nà pa níbẹ̀ lé ní 3,000, ó sì lé ní 400 nínú wọn tó jẹ́ ọmọdé. Àwọn òbí ló fárígá, wọ́n jáde sí títì pé ẹ yéé pa wá lọ́mọ, ìgbà tó sì di 1973 tí epo wọ́n, ìjọba ní kí mọ́tò má jáde lọ́jọ́ Sunday. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọ̀nà yẹn.

Ó ku mùsíọ́mù. Rijksmuseum tó wà ní Amsterdam, abẹ́ ilé yẹn gan-an ni kẹ̀kẹ́ ń gbà kọjá. Mo wo àwòrán tí Rembrandt, ayàwòrán wọn àtijọ́, yà ní 1642 tí gbogbo èèyàn ń wọ́ lọ wò, ó tóbi, mi ò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ iléèwé tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀ ni mò ń wò ní tèmi, torí ẹni tí ò bá tíì ju ọmọ ọdún 18 lọ kì í san kọ́bọ̀ níbẹ̀, èmi àgbà san ohun tó lé ní 20 yúrò. Mauritshuis ní Den Haag ló mú mi lọ́kàn jù. Àwòrán ọmọbìnrin oníyẹtí péálì yẹn wà níbẹ̀, kò tó ìwé ìròyìn yín téèyàn bá ṣí i sílẹ̀, owó tí wọ́n sì fi rà á ní 1881 kò ju guilder, owó wọn àtijọ́, méjì àti díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ilé yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́? Johan Maurits, gómìnà wọn ní Brazil nígbà náà, oko ìrèké ń wá ẹni tó máa ro ó, ló bá rán ọkọ̀ ojú omi wá gba Elmina ní Ghana lọ́wọ́ àwọn Potogí ní 1637, kí wọ́n lè máa kó wa lẹ́rú. Wọn ò fi í pa mọ́ fún ẹni tó bá wá. Ọba wọn, Willem-Alexander, náà tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ ẹrú yẹn ní July 1, 2023.

Ìyá ìyá mi tó jẹ́ Ògù ló wá sí mi lọ́kàn, wọ́n máa ń dárúkọ òyìnbó kan, Húntókónù. Ará Họ́lándì ni, Hendrik Hertogh, Àgbádárìgì wa níbí ló ti ń ṣòwò ní àwọn ọdún 1730.

Mo délé, mo ní kí àbúrò mi ọmọ ọdún mọ́kànlá tẹ̀ lé mi lọ wo ilé Seriki Abass, oníṣòwò ẹrú ayé àtijọ́, àti ọjà ẹrú Vlekete. Kò débẹ̀ rí! Ẹsẹ̀ la fi rìn débẹ̀ láti ilé wa o. Ẹ̀kọ́sìkọ́ṣàn tí iléèwé ẹ̀ kó wọn lọ lọ́dún tó kọjá, Lekki ni, wọ́n lọ ń yọ̀ ṣàrà sínú omi. Ọ̀kan nínú ibi tá a lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ náà, mo ní àbúrò mi ni, ọmọ ìlú yìí ni, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ẹ bá mi bẹ káńsù àti ìjọba ìpínlẹ̀. Àgbádárìgì tẹ́jú bíi Họ́lándì, kò sí òkè tí ọmọdé máa gùn, àgbọn ti wà létí ọ̀sà fún ibòòji. Kí wọ́n ya àyè tóóró sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ ní Máríìnà, láti iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tọdún 1845 yẹn, títí dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fù, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ tó bá wọ yúnífọ́ọ̀mù wọ gbogbo ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ó ní ọ̀kadà ló máa gba ọ̀nà yẹn. Mo mọ̀. Tí wọ́n bá ri òpó kọ́ńkéré mọ́ ẹnu ẹ̀, ibi tí kẹ̀kẹ́ bá gbà ọ̀kadà náà á gbà á, mi ò tíì rí ọgbọ́n ìyẹn dá, ẹni tó bá rí i kó bá wa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yìí.

Mo ra tòkunbọ̀ kan fún àbúrò mi. Sátidé tó kọjá ló gbé e lọ sí Máríìnà, díẹ̀ ló kù kí ọ̀kadà kan gbá a. Ìyá mi ti fi ṣéènì dè é mọ́ irin wíńdò báyìí, báàgì ọjà wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Èmi ni,
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Àgbádárìgì.